Olu Rere àti Oògùn Kọ́pà Lórí Kòkó Etí Odò: Bí A Ṣe Ń Gbógun Ti Ìjẹrà Ní Ilẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin olóko ẹlẹgbẹ́ mi, láti Ìyàgbà dé Ìjùmú, títí dé Bùnú àti Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun tiwa ní Ìpínlẹ̀ Kogí.

Kòkó tiwa kò jọ ti Oǹdó. Ilẹ̀ wa ti ń wọ ọ̀dàn, ọyẹ́ sì máa ń jà wá gan-an. Nítorí náà, ibi tí omi kì í gbẹ tán ni àwọn bàbá wa gbin kòkó sí: ẹ̀bá odò, inú àfonífojì, abẹ́ igi ńlá. Ibẹ̀ ló gba kòkó lọ́wọ́ ẹ̀rùn. Ibẹ̀ kan náà ló sì ń pa á nígbà òjò, torí pé ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè kọjá, ilé ìjẹrà ni. Ẹni tó ní kòkó létí odò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wọ oko lọ́jọ́ Ajé, èso ń dán. Ẹ padà lọ́jọ́ Ajé kejì, àpá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ti yọ lára rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ míì tó pé, èso ti dúdú látòkè délẹ̀, ohun funfun bí ìyẹ̀fun ti bò ó, kóró inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ju kí a máa fín oògùn léraléra. Oògùn ti wọ́n, òjò ń fọ̀ ọ́ dànù, ilẹ̀ oko sì ń mu ún. Ọ̀nà kan wà tó dín ìnáwó náà kù: kí a gba àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí, àwọn tó ń ran igi lọ́wọ́, kí a jẹ́ kí wọ́n pín iṣẹ́ pẹ̀lú oògùn. Àwọn tó ń gbin tíì ní Íńdíà àti Ṣáínà ń ṣe é lórí àrùn ewé tíì. Igi tíì kò sí lọ́dọ̀ wa, òkè tútù bíi Mambilla ní Taraba ló ń gbé, àmọ́ ọgbọ́n náà bá kòkó mu, ó sì bá kọfí tí a ṣì ní ní Ìjùmú àti Kàbà mu pẹ̀lú. Kòkó ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀ torí òun ni mo ń ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ra olu rere, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ohun ẹlẹ́mìí náà tó jẹ́ ìbátan olú jíjẹ, ẹni tó tà á fún mi ní kí n pò ó mọ́ oògùn kọ́pà nínú páǹpù kan náà, pé ẹ̀ẹ̀kan ni màá rìn oko. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó hàn pé olu náà ṣe fún mi ní gbogbo òjò ọdún náà. Lẹ́yìn tí mo bi àwọn tó mọ̀ ni mo tó gbọ́ pé inú páǹpù gan-an ni olu náà kú sí. Ṣe ni mo da òròmọdìẹ sínú àgò kan náà pẹ̀lú àṣá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí dá lórí ohun kan: àwọn méjèèjì lè ṣiṣẹ́ lóko kan, ṣùgbọ́n kálukú gbọ́dọ̀ ní àkókò tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá jà

Orúkọ ohun tó ń jẹ kòkó wa rà ni Phytophthora. Ní èdè Gíríìkì, ohun tí orúkọ náà ń sọ ni apa-ewéko. Oríṣi méjì ló ń dà wá láàmú: Phytophthora palmivora, tó wà káàkiri ayé, àti Phytophthora megakarya, tó jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà nìkan ló wà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló le jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí, ó sì ṣe pàtàkì gidigidi: Phytophthora kì í ṣe olu, bó tilẹ̀ jọ ọ́. Ó sún mọ́ àwọn nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ bí ewéko tó ń hù nínú omi òkun ju olu lọ. Ara rẹ̀ kò rí bí ara olu. Nítorí èyí, àwọn oògùn kan wà tó ń pa á tí kì í fọwọ́ kan olu rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà wá sórí rẹ̀.

Omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ máa ń wẹ̀ nínú omi tó bá wà lára èso, kódà omi ìrì tó fẹ́lẹ́. Inú ilẹ̀ àti inú èso tó ti gbẹ lórí igi ló máa ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, ẹ̀kán omi á ta erùpẹ̀ sára èso ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á ran ti òkè. Àwọn èèrà tó ń fi erùpẹ̀ kọ́lé sára èso náà máa ń gbé e gòkè. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé ilẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí, ẹni tó bá dúró di ìgbà tí èso bá dúdú ti pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ àwọn tí ẹ ń rán níṣẹ́

Àwọn ohun ẹlẹ́mìí rere tí ẹ lè rí rà, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni Trichoderma. Olu ni. Bó bá dàgbà tán, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ó ń yára gba àyè mọ́ àwọn tó ń ṣe ibi lọ́wọ́, ó ń jẹ oúnjẹ wọn, ó ń lọ́ mọ́ wọn lára, ó ń da omi tó ń yọ́ awọ ara wọn sílẹ̀, ó sì tún ń ta igi fúnra rẹ̀ jí kó lè gbèjà ara rẹ̀. Ní Kamẹrúùnù, oríṣi rẹ̀ tó ń jẹ́ Trichoderma asperellum ni àwọn onímọ̀ lò lórí kòkó tí megakarya ń bá jà. Ìjẹrà kéré lórí igi tí wọ́n lò ó fún ju ti igi tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún lọ, ṣùgbọ́n kò tó agbára oògùn. Mo fẹ́ràn kí a máa sọ òtítọ́ yìí fún ara wa. Ẹni tó bá sọ fún yín pé olu rere nìkan á gbà yín lọ́wọ́ òjò oṣù kẹsàn-án, ọjà rẹ̀ ló ń tà.

Èkejì ni Bacillus subtilis. Bakitéríà ni, kì í ṣe olu. Ó ní ìkarahun líle tó máa ń sá sínú rẹ̀ bí nǹkan bá le, nítorí náà ó fara da ooru àti ìtọ́jú pípẹ́ ju Trichoderma lọ. Àwọn èròjà tó ń tú jáde máa ń lu awọ ara àrùn jo.

Àwọn ará wa tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì, ẹ rántí Aflasafe tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, gbé jáde fún àgbàdo àti ẹ̀pà. Olu aláìlóró ni, tí a ń fọ́n sóko kó lè gba ipò mọ́ olu olóró tó ń ba àgbàdo jẹ́ lọ́wọ́. Ìlànà kan náà ni.

Oògùn wá ńkọ́? Ẹ má wo orúkọ ńlá tó wà níwájú ọ̀rá. Ẹ yí i padà, kí ẹ ka orúkọ èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n kọ wínníwínní.

Kọ́pà, ìyẹn bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lọ́dún 1885 ni wọ́n ti ń lò ó pẹ̀lú ẹfun lórí àjàrà ní ilẹ̀ Faransé. Omi búlùú tí àwọn bàbá wa ń pò fún kòkó, òun náà ni. Ó ń pa Phytophthora, ó ń pa olu, ó ń pa bakitéríà. Kò mọ ọmọlúàbí yàtọ̀ sí olè. Ó ṣòro fún àrùn láti mọ́ra sí i, èyí ni iyì rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í jẹrà: gbogbo èyí tó bá kán sílẹ̀ á máa kó jọ síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Metalaxyl, tí ẹ tún lè rí gẹ́gẹ́ bíi mefenoxam, ni mo ń ṣètò fún nígbà tí mo ní kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn. Phytophthora àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìkan ló ń pa. Trichoderma, tó jẹ́ olu tòótọ́, kì í sábà rí ìpalára lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wọ inú igi lọ, òjò kò lè fọ̀ ọ́ bó bá ti wọlé. Ṣùgbọ́n àrùn tètè máa ń mọ́ra sí i. Ọdún 1977 ló jáde. Nígbà tó fi máa di 1980, oríṣi Phytophthora mìíràn tó ń ba ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ ní Ireland àti Netherlands ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pò ó mọ́ kọ́pà nínú ọ̀rá oògùn kòkó tí à ń rà. Ẹ wá rí i: bí metalaxyl inú ọ̀rá yín tilẹ̀ bá olu rere ṣọ̀rẹ́, kọ́pà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò bá a ṣọ̀rẹ́.

Mancozeb máa ń dá olu rere dúró. Carbendazim le jù gbogbo wọn lọ fún un, ìwọ̀n kékeré ló ń pa Trichoderma run, kò sì wúlò fún ìjẹrà kòkó torí pé olu tòótọ́ ló wà fún. Bí ẹ bá ti ń lò ó lórí ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má gbé e wọ oko kòkó yìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọwọ́ ṣáájú oògùn

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ ká gbogbo èso dúdú tó gbẹ mọ́ igi. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ẹ má jù wọ́n sábẹ́ igi, ẹ má sì dà wọ́n sódò. Ẹ gbẹ́ kòtò lẹ́yìn oko, kí ẹ sin wọ́n. Ẹ rẹ́ ẹ̀ka tó há mọ́ra àti àwọn ọ̀mùnú tó ń yọ lẹ́sẹ̀ igi, kí ẹ sì dín ìbòòji igi ńlá kù díẹ̀. Mo ní díẹ̀. Ẹ̀rùn wa kì í ṣe ti Ìlẹ̀-Olújìí. Ẹni tó bá ṣí gbogbo òrùn wọlé fún kòkó ní ilẹ̀ Òkun, ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ni yóò bá a ṣírò rẹ̀.

Nígbà òjò, ẹ máa wọ oko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ká èso tó bá ti ní àpá. Èyí ni iṣẹ́ tó ń sú ni jù, òun náà ló sì ń sanwó jù. Bí owó yín kò bá tó olu, tí kò tó oògùn, ẹ ṣe èyí nìkan, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: rírà

Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú. Ohun ẹlẹ́mìí ni, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Bó bá wà lórí àtẹ nínú òòrùn, ẹ má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ohun ẹlẹ́mìí náà ní kíkún. Ọ̀rá tó kàn kọ «ajílẹ̀ alágbára» kò sọ ohunkóhun fún yín. CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964, ni ibi tó yẹ kí ẹ bi léèrè irú èyí tó bá kòkó mu. Ẹni tí Ìbàdàn jìnnà sí lè kọ́kọ́ bi àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbà.

Bí ẹ bá rà á délé, ibi tútù ni kó wà, lábẹ́ òrùlé, jìnnà sí ọmọdé àti oúnjẹ. Ilé onípáànù wa lóṣù kẹta lè gbóná débi pé olu náà á kú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi dára.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìdánwò ìrẹsì

Níbi yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ jù. Àwọn onímọ̀ ní àwo àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá oògùn kan yóò pa olu rere tàbí kò ní pa á. Àwa náà lè fi ìrẹsì wò ó nílé, ọjọ́ márùn-ún péré ni. Trichoderma ló wà fún o. Bacillus kò ní hàn lójú báyìí.

Ẹ wá ìgò onídèérí mẹ́rin tí ẹnu wọn fẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ta bọ́tà ẹ̀pà. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sè wọ́n nínú omi híhó fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ se ìrẹsì díẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i, kó má rọ̀ jù. Bó ti ń hó lọ́wọ́ ni kí ẹ bù ú sínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣíbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì dé wọn títí wọn á fi tutù.

Ẹ pò oògùn yín sómi ní ìwọ̀n tí ẹ fi ń fín oko gan-an, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ̀nba kékeré nínú ife. Ìgò A: kìkì ìrẹsì, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Ìgò B: ẹ bu ìyẹ̀fun Trichoderma bí orí èékánná sí i. Ìgò D: ẹ kán omi oògùn ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ fi Trichoderma sí i. Ìgò E: bákan náà bíi D, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ oògùn mìíràn tí ẹ ní nílé. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ bo ẹnu wọn dípò ìdérí, kí ẹ kọ orúkọ sára wọn, kí ẹ gbé wọn síbi tí òòrùn kò dé.

Lọ́jọ́ kẹta, ohun funfun bí òwú yóò hàn nínú B. Lọ́jọ́ karùn-ún, yóò ti di àwọ̀ ewé. Bí B kò bá yí padà rárá, òkú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Bí A bá hù dúdú tàbí pupa, tàbí tó ń rùn, ìdọ̀tí wọ ìrẹsì yín, ẹ tún un ṣe. Bí D bá rí bíi B, oògùn inú D lè bá olu náà gbé. Bí D bá dúró funfun gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ kò sì ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ṣíbí àti ìgò wọ̀nyẹn kò gbọ́dọ̀ padà sílé ìdáná mọ́ láéláé. Ẹ sin ìrẹsì náà sínú kòtò. Adìyẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan ń fi ìrẹsì tàbí ọkà bàbà sọ olu náà di púpọ̀ nílé láti fi fín oko. Èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní ẹ̀kọ́ rẹ̀, torí pé olu olóró tó ń ba ẹ̀pà jẹ́ náà ní àwọ̀ tó fara jọ ọ́, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ fi olu rere ṣọ́ ilẹ̀

Bí òjò bá ti rọ̀ tó bíi mẹ́ta, tí ilẹ̀ ti rin, ìyẹn ní ìparí oṣù kẹrin tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún lọ́dọ̀ wa, àkókò tó. Ẹ má ṣe é ṣáájú ìgbà yẹn. Ooru àti ilẹ̀ gbígbẹ á pa á.

Ẹ kó ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, tí kò gbóná mọ́ bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni kílò kan Trichoderma sí 100 kílò ìgbẹ́. Ẹ dà wọ́n pọ̀ lábẹ́ ibòòji, ẹ wọ́n omi sí i títí yóò fi rí bí ìgbà tí a fún kànrìnkàn tán, tó tutù tí kò kán. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Lọ́jọ́ kẹta tàbí kẹrin, ẹ yí i. Bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá pé, ẹ ó rí òwú funfun àti àwọ̀ ewé nínú rẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sóko, kí ẹ fọ́n ọn yí ìdí igi ká, lábẹ́ ewé tó ti bọ́ sílẹ̀, níbi tí ẹ̀kán omi ti ń ta erùpẹ̀ sókè. Èmi máa ń fi garawa kékeré kan sí ìdí igi mẹ́ta.

Àǹfààní ìgbẹ́ náà ju ìyẹn lọ. Ohun jíjẹrà máa ń di kọ́pà mú nínú ilẹ̀, tí kò fi ní lè ṣe olu yín ní ibi púpọ̀ bó bá kán sílẹ̀ látorí igi nígbà tí ẹ bá ń fín oògùn lẹ́yìnwá ọ̀la. Ìgbẹ́ yìí di ilé ààbò fún un.

Ẹni tó ń ṣe nọ́sìrì, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ inú ọ̀rá kí ẹ tó gbin kóró.

Ìgbésẹ̀ keje: èso kékeré

Lóṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, nígbà tí ọmọ kòkó ń yọ, ẹ fín olu rere sára igi àti èso, ní ìwọ̀n tó wà lára ọ̀rá. Omi odò tàbí omi kànga ló dára. Omi ẹ̀rọ ìlú tó ní klórínì, èròjà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, lè pa á. Ẹ bu ú sínú garawa tí ẹnu rẹ̀ ṣí, kó sùn di ọjọ́ kejì. Ìrọ̀lẹ́, láti nǹkan bí aago márùn-ún, ni kí ẹ fín in. Òòrùn ọ̀sán máa ń pa irúgbìn Trichoderma, òru tútù sì ni ó fẹ́ láti fi rọ́nà wọ ara èso. Èyí tí ẹ bá pò, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà.

Páǹpù ńkọ́? Bí agbára bá wà, ẹ ní páǹpù méjì, kí ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sára èyí tó jẹ́ ti oògùn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tú ẹnu rẹ̀, ẹ fọ ìyẹn náà. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ dà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sódò. Kòkó wa wà létí odò, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pọn omi náà mu, ẹja wà nínú rẹ̀. Kọ́pà ń pa ẹja.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìgbà tí oògùn gbọ́dọ̀ wọlé

Bí oṣù keje bá wọlé tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ ka èso. Ẹ mú igi 20 káàkiri oko, ẹ ka gbogbo èso tó wà lórí wọn àti èyí tó ní àpá. Èmi kì í dúró kó ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ kí n tó gbé oògùn. Ní oko tó wà lókè, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo ti rí ọdún tí kò débẹ̀ títí di oṣù kẹjọ, mo sì fi owó oògùn ẹ̀ẹ̀kan pamọ́.

Oògùn tó ní metalaxyl pẹ̀lú kọ́pà ni kí ẹ kọ́kọ́ fín. Ọ̀rá 50 gíráàmù sí páǹpù lítà 15 ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń kọ sára rẹ̀, àmọ́ ẹ ka ti ọwọ́ yín. Ẹ má fi kún un pé kó lè le sí i. Owó nìkan ló ń lọ, ilẹ̀ sì ń bàjẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ni kí ẹ fín in, kó lè gbẹ kí òjò tó dé. Ẹ dojú páǹpù kọ èso àti ìdí òdòdó lára igi, kì í ṣe ewé òkè. Ìbomú, ìbọ̀wọ́, réènbúùtù, aṣọ alápá gígùn: ẹ wọ̀ wọ́n bó ti wù kí ó móoru tó. Mo mọ àwọn àgbà tí ojú wọn ti bàjẹ́ torí wọ́n ní àwọn ti mọ́ra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, bí ìjẹrà bá ṣì ń lọ, kọ́pà lásán ni kí ẹ lò. Ẹ má fi metalaxyl léra lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ireland má bàa ṣẹlẹ̀ ní Ìyámoyè.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kí olu rere padà sórí igi

Òjò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Bí ìsinmi náà bá bọ́ sí ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fín kọ́pà, ẹ tún fín olu rere sára èso ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ 14 yìí ni èmi ń lò. Òjò ti fọ díẹ̀ lára kọ́pà náà nígbà yẹn, olu á sì rí àyè fi ara mọ́ èso kí òjò oṣù kẹsàn-án, tó máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, tó dé. Bí ìdánwò ìrẹsì bá ti fi hàn yín pé oògùn kan kì í pa á, ẹ kò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Bacillus náà lè wọlé níbí. Oògùn tó jẹ́ olu nìkan ló ń pa kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́pà ṣì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ẹ fún un ní àlàfo kan náà.

Bí àlàfo kò bá sí, tí òjò kò dáwọ́ dúró, ẹ má fi agídí ṣe é. Ẹ fi olu rere sílẹ̀ fún ilẹ̀, kí oògùn máa ṣọ́ èso. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní ọdún méjì tí òjò kò jẹ́ ká rímú mí.

Nígbà tí ìkórè bá ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, ẹ ka iye ọjọ́ tí ara ọ̀rá ní kí ẹ fi sílẹ̀ láàárín fífín ìkẹyìn àti ìkórè, kí ẹ sì pa á mọ́. Olu rere kò ní wàhálà bẹ́ẹ̀, nítorí náà, òun ni mo máa ń lò kẹ́yìn lórí igi tó ti ń pọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má ṣe é lórí gbogbo oko. Ẹ fi aṣọ àwọ̀ mẹ́ta so ẹ̀ka: igi 20 tí ẹ ó ṣe bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, igi 20 tí olu rere nìkan yóò wà fún, igi 20 tí ẹ ó lo méjèèjì fún gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé. Ẹ rí i pé ibi tó jọra ni gbogbo wọn wà. Ẹ má fi ti etí odò wé ti òkè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wọ oko láti ká èso dúdú, ẹ ka iye tí ẹ ká lára ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ iléèwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti iye owó tí oògùn, olu àti lébìrà gbà. Bí ẹ bá kórè tán, ẹ fi iye èso rere ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣírò mọ́ owó tí ẹ ná lórí rẹ̀. Ìwé náà ni kí ẹ mú dání bí ẹ bá ń lọ ra oògùn lóṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀.